Ọláìyá Yàtọ̀ sí Bàbá Sàlá

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ tọ́ka sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òṣèré àti ẹ̀dá-ìtàn tí ó ń ṣe. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa da òun àti Bàbá Sàlá pọ̀ nínú àròkọ wọn.

Ọdún 1936 ni a bí Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Olórin háílàìfù ni kí ó tó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀; Sunny Adé pàápàá ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà èwe. Ẹni tí ó ti mọ bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́, tí ó sì mọ ohun tí òǹwòran ń fẹ́, ni ó dá Bàbá Sàlá, àgbàlagbà ahun tí ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá Sàlá ni àgbà tí ó wà lọ́jà tí ọjà sì dàrú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá. Táì rẹ̀ tí ó tóbi jù àti awò ojú rẹ̀ ràgàjì ń fi ẹni tí ó ń fi ọ̀làjú ṣe fáàrí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún 1982 ni Ọ̀run Móoru jáde, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀. Lámídì, tí ó ti rí jájẹ rí, gba ẹlẹ́tàn gbọ́ pé oògùn lè sọ ọ́ di olówó, ó sì pàdánù gbogbo ohun tí ó ní. Fíìmù náà bá àkókò mu, nítorí pé owó epo ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wá ọrọ̀ òjijì.

Kò pẹ́ tí àwọn olè fi ṣe àdàkọ fíìmù yìí sí fídíò, tí wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè wọ Ọláìyá lọ́rùn. Àwọn kan ń sọ pé ohun tí ó fi ṣeré ni ó dé bá a. A kò fara mọ́ èyí. Ojúkòkòrò ni ó ṣílẹ̀kùn fún ẹlẹ́tàn tí ó lu Lámídì. Iṣẹ́ òógùn ojú Ọláìyá ni wọ́n jí. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní ọ̀kan náà ti dá ẹni tí a jà lólè lẹ́bi. Ọláìyá kò sì tìtorí èyí kógbá sílé. Ó tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé àti Mo Ṣebọ́látán.

Ọláìyá kú ní ọdún 2018. Ní èrò tiwa, ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti olùdánwò yé béèrè ẹni tí Bàbá Sàlá jẹ́ nìkan. Kí a béèrè ohun tí Ọláìyá fi í sọ nípa àwùjọ wa, kí a sì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣàlàyé orísun ẹ̀rín náà ní máàkì tí ó tọ́ sí i.