Ọyẹ́ Inú Ilé Gíláàsì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ ni títọ́jú igi eléso ilẹ̀ olóoru nínú òtútù London. Máńgòrò, gúáfà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúkúrú ni mo gbìn sínú ìkòkò ńláńlá. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti ń gba oòrùn níta. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, gbogbo wọn ti wọ ilé gíláàsì. Ìbéèrè kan náà ni àwọn àlejò máa ń bi mí: ṣé òtútù kò ní pa wọ́n ni? Èsì mi ni pé omi ń pa wọ́n ju òtútù lọ.

Lóòótọ́, òru kan péré tí ìrì bá dì lè pa ọmọ máńgòrò. Ṣùgbọ́n gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlémóoru kékeré á yanjú ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣòro. Ní Ìbàdàn, ojúmọmọ kì í yẹ̀ púpọ̀ kúrò ní wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún. Ní London, bíi wákàtí 8 ló ń jẹ́ nínú oṣù Kejìlá, ìkùukùu sì tún máa ń bo oòrùn. Ewé tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kì í fa omi, gbòǹgbò inú iyẹ̀pẹ̀ tútù kì í ṣiṣẹ́. Omi tí a bá bù sí i á dúró sójú kan, á gba ààyè afẹ́fẹ́, gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ewé igi bẹ́ẹ̀ á wá rọ, àfi bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Àánú á ṣe onígi, á tún bu omi sí i. Àánú yẹn gan-an ló ń pa igi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ìkòkò wò kí n tó fọwọ́ kan omi. Mo mọ bí ìkòkò gúáfà mi ṣe ń wúwo tó nígbà tó bá mu yó, mo sì mọ bó ṣe ń fúyẹ́. Bó bá fúyẹ́, màá ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ìka bá kan ọ̀rinrin, ó di ọjọ́ mìíràn. Omi òjò ni mo ń bù fún ọsàn, torí omi ẹ̀rọ London tó ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tù máa ń jẹ́ kí ewé rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Fífi omi du igi báyìí kì í ṣe ìyà. Ní Ìbàdàn, ìgbà tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ dé, tí ilẹ̀ gbẹ tí òru sì tutù, ni máńgòrò ń múra òdòdó. Máńgòrò tó ń rí omi ní gbogbo ìgbà, ewé ló sábà máa ń yọ. Nítorí náà, láti oṣù Kọkànlá ni mo ti ń ṣe ọyẹ́ fún tèmi: ìwọ̀n 12 ti Celsius lóru, omi ṣín-ún. Bí òdòdó bá ti yọjú, màá jẹ́ kí ilé móoru sí i, torí òru tútù máa ń ba lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó jẹ́. Kò sí eṣinṣin níbẹ̀ tí yóò gbé lẹ́búlẹ́bú kiri, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń ṣe é, láti òdòdó dé òdòdó. Ẹ wo ewé tuntun máńgòrò nígbà náà: ó pupa bí idẹ, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sísàlẹ̀, kó tó le, kó tó di aláwọ̀ ewé.

Iṣẹ́ yìí lọ́lá. Cavendish, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kún ilé ìtajà káàkiri Yúróòpù lónìí, orúkọ ìdílé Duke ti Devonshire ló ń jẹ́. Joseph Paxton, olùtọ́jú ọgbà rẹ̀, ló tọ́ ọ nínú ilé gíláàsì ní Chatsworth títí ó fi yọ òdòdó ní 1835. Ẹ̀yà rẹ̀ tó kúrú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi, mo sì ń fi í yangàn.

Ẹ̀yin tó bá wù láti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí gúáfà ṣáájú. Bó bá kan máńgòrò, ẹ ra èyí tí wọ́n ti lọ́ ẹ̀ka igi tó ń so mọ́; èyí tí a gbin kóró rẹ̀ lè pẹ́ lọ́pọ̀ ọdún kó tó so. Kí ẹ sì fi ìbẹ́pẹ sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ ìwúwo ìkòkò, torí gbòǹgbò rẹ̀ kì í fara da omi tútù rárá.