Ìgò Sóbò Kan àti Kámẹ́rà Méjì

Láti Oba Akran Avenue ní Ìkejà títí dé Ọgbà, kéèyàn tó yà sí Agége, ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe jáde kò lóǹkà. Ọtí, bisikíìtì, ọṣẹ, oògùn, ìpara, búrẹ́dì. Guinness ti wà lójú títì yẹn láti ọdún 1962, Cadbury wà ní Àgídìngbí, àwọn kéékèèké sì ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Inú ilé gbígbé gan-an ni òmíràn ti ń ṣe tirẹ̀. Àgbà ni o, kékeré ni o, kò sí èyí tó lè tajà láìsí àwòrán: àwòrán ara ìgò, ti ara páálí, ti pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, ti WhatsApp. Àwọn tó ń ya àwòrán wọ̀nyí kì í fi orúkọ ara wọn sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn dáadáa.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló wà ní Ọgbà, tí kò jìnnà sí Acme Road. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Àǹtí, èmi náà á sì pè é bẹ́ẹ̀, bí mo tilẹ̀ jù ú lọ. Kì í ya ìyàwó, kì í ya òkú àgbà. Ọjà ló ń yà. Nikon D750 tó jáde lọ́dún 2014 ló fi ń ṣiṣẹ́, megapixel 24 ni, ìyẹn ojú wínníwínní (pixel) mílíọ̀nù 24 tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ìbéèrè kan ò jẹ́ kó gbádùn. Oníbàárà á pè lórí fóònù, kò tíì béèrè owó iṣẹ́, kò tíì ní kó fi iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn han òun, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Megapixel mélòó ni kámẹ́rà yín?" Bó bá ti dáhùn, ẹlòmíràn á ní òun ń bọ̀ wá pè padà, ó sì tán nìyẹn. Nikon D850 wà lọ́jà Ọ̀tìgbà, tòkunbọ̀, megapixel 45, àwọn lẹ́ńsì tó ti ní lọ́wọ́ á sì wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. Ṣé kó ta ti àtijọ́, kó fowó lé e?

Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò.

Ìgò sóbò ni iṣẹ́ ọjọ́ tí mo débẹ̀, omi ìṣápá pupa tí ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Agége ń rọ sínú ìgò. Bí ẹ bá gbé ìgò sóbò síwájú kámẹ́rà, tí ẹ kàn tan iná sí i lójú, dúdú ni yóò jáde, kò ní wu ẹnikẹ́ni mu, nítorí omi tó pọ́n tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Àǹtí mú páálí funfun, ó fi bíléèdì gé e bí ìgò náà ṣe rí, ó tún gé díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó má baà yọjú, ó wá gbé e sẹ́yìn ìgò. Fíláàṣì ọwọ́ ọ̀tún ló dojú kọ páálí yẹn. Páálí ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà, ó gba inú sóbò kọjá, omi náà sì pọ́n fòò láti inú wá.

Lápá òsì, kò jẹ́ kí iná kan ìgò ní tààrà. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn ayàwòrán-ilé ń lò ló ta síwájú rẹ̀, ó sì sún fíláàṣì náà mọ́ etí pépà kan ju èkejì lọ. Èyí ló ń fún ìgò ní ìlà funfun gbọọrọ tó mọ́lẹ̀ létí kan, tó sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀ títí tó fi wọ inú gíláàsì lọ. Ìlà yẹn ló ń sọ fún ojú pé nǹkan roboto la ń wò. Bó bá gé ṣáká létí méjèèjì, iná ló hàn lára ìgò nìyẹn, ìgò fúnra rẹ̀ ti sá sẹ́yìn. Ó sún fíláàṣì síwájú ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan, ó wò ó, ó tún sún un padà.

"Àǹtí, ṣé kí n gbé e sókè?"

"Má gbé e. Yí i díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí."

Òógùn tó wà lára ìgò yẹn kì í ṣe ti fíríìjì. Omi lásán máa ń ṣàn sílẹ̀, á sì gbẹ kí iṣẹ́ tó parí. Gílísárìn ló pò mọ́ omi, ìdajì-ìdajì, nínú ike ìfọ́nmi. Ó fi bébà bo lébẹ́lì, ó fọ́n ọn láti ibi tó jìnnà díẹ̀, ẹ̀kán wínníwínní sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì, wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó wá mú sírínjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ẹ̀kán tó tóbi sí ibi tó wù ú, ọ̀kan lọ́rùn ìgò, ọ̀kan sí òkè lébẹ́lì gẹ́lẹ́. Nígbà tó ń ṣe é, kò mí rárá, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ò sì mí.

Ẹ rántí ibi tí a wà. Tírélà ń kọjá nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà sì ń gbọ̀n lọ́nà tí ẹsẹ̀ èèyàn ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á mọ̀. Nígbà kan, iná LED tó ń tàn lọ gbere ló ń lò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ojú kámẹ́rà ní láti ṣí pẹ́, àwọn lẹ́tà kéékèèké ara lébẹ́lì sì ń ṣe bàìbàì. Ó ti fìyẹn sílẹ̀. Fíláàṣì máa ń bù yẹ̀rì. Kí ilẹ̀ tó ráyè gbọ̀n, àwòrán ti wọlé. Ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà megapixel púpọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ojú wínníwínní tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú D850 kéré ju ti D750 lọ. Ìgbọ̀nrìrì tí ti àtijọ́ lè bò mọ́lẹ̀, tuntun á gbé e síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹni tó bá pa ojú lẹ́ńsì pọ̀ dé f/16 kí gbogbo ìgò lè mọ́ kedere: ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká bó ṣe ń gba ihò tóóró yẹn kọjá, púpọ̀ nínú àfikún pixel tó sanwó lé lórí á sì ṣòfò. Àǹtí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. F/8 ló ń lò, á fi ojú lẹ́ńsì sọ ọrùn ìgò, á yà á, á sọ lébẹ́lì, á yà á, á sọ ìdí, á yà á, kọ̀ǹpútà á wá mú ibi tó mọ́ jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ṣe ẹyọ kan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iye. Lọ́dún 1975 tí Steven Sasson to kámẹ́rà dìjítà àkọ́kọ́ pọ̀ ní Kodak, pixel 10,000 péré ló ní, 100 ní ìbú, 100 ní òró, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì fi ń kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà yẹn ni iye ti ń gòkè, àwọn tó ń ta kámẹ́rà sì ti kọ́ wa láti máa fi iye yẹn wọn gbogbo nǹkan. Ẹni tó gbọ́ 24 àti 45 á rò pé àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. D750 ń ya pixel 6,016 ní ìbú, D850 ń ya 8,256. Ohun tó lé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kí D750 tó lè di ìlọ́po méjì ní ìbú àti ní òró, megapixel tó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún la ó máa wá.

Oníbàárà á ní, "Pátákó ńlá la fẹ́ gbé e sí o, ní Oba Akran." Ẹ jẹ́ ká wò ó. Pátákó tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìbú, 10 ní gíga: bí ẹ bá tẹ́ pixel 6,016 sí ìbú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á tó mìlímítà kan. Ẹni tó jókòó sínú dánfó ń wò ó láti bíi mítà 30. Láti ibẹ̀, ojú tó dára kò lè ya àmì méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn kò bá tó mìlímítà 8 tàbí 9. Kámẹ́rà àtijọ́ ti kájú pátákó yẹn, ó tún ṣẹ́kù. Bánà inú súpámákẹ́ẹ̀tì ló le. Mítà méjì péré ni gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an lèèyàn ń gbà kọjá. Ní mítà kan síni, ojú á rí ohun tí kò tó ìdá mẹ́ta mìlímítà, bánà náà á sì fẹ́ bíi pixel 7,000 láti òkè dé ilẹ̀. Níbí, D750 ò tó. D850 tó. Bí àwòrán bá ṣe ń sún mọ́ ojú èèyàn ló ṣe ń béèrè pixel, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi megapixel dẹ́rù ba ayàwòrán kò sì mọ èyí.

Àǹtí mọ̀ ọ́n kí n tó mú bírò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sóbò náà ní bánà làwọn fẹ́, ó gbé D750 rẹ̀ dúró lóòró, ó sún un mọ́ ìgò, ó ya apá òkè. Ó tẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó ya apá ìsàlẹ̀, ó sì jẹ́ kí méjèèjì wọ inú ara wọn ní ìdá mẹ́ta. Ó so wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Pixel bíi 10,000 ni àwòrán náà ní láti ìdérí dé ìdí ìgò, látinú kámẹ́rà ọdún 2014, ó sì ju ohun tí D850 lè yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Mo fa á tóbi lójú kọ̀ǹpútà títí mo fi dé ibi nọ́ńbà NAFDAC. Mo kà á láìlo awò. Mo rí ẹ̀kán gílísárìn kan lókè rẹ̀, mo sì rí páálí funfun tó wà lẹ́yìn nínú ẹ̀kán náà, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Síbẹ̀, ìgò kì í mí, kì í ṣẹ́jú. Bí oníṣòwò aṣọ òkè bá ní kó ya obìnrin tó wé gèlè, tó fi ìpèlé lé èjìká, tí òwú sányán náà sì gbọ́dọ̀ hàn lẹ́yọ lẹ́yọ lórí bánà ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, kò sí bó ṣe lè yà á lápá méjì kó so ó pọ̀. Obìnrin náà á ti rẹ́rìn-ín láàárín méjèèjì. Irú iṣẹ́ yìí ni D850 ti wúlò gidi.

Torí náà ló ṣe lọ wò ó ní Ọ̀tìgbà, mo sì tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín: "Àǹtí, ọjà yìí mọ́, London ló ti wá tààrà." Àǹtí ò dá a lóhùn. Ó yọ lẹ́ńsì tirẹ̀ nínú báàgì, ó fi sí i, ó ní kó bá òun lẹ ojú ewé ìwé ìròyìn kan mọ́ ògiri. Ó yà á, ó fa á tóbi. Kò wo àárín, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wò bóyá lẹ́tà ibẹ̀ mọ́ bákan náà. Ó pa ojú lẹ́ńsì pọ̀ títí dé òpin, ó dojú kọ sánmà, ó ya òfuurufú lásán, kí ìdọ̀tí tó bá ti wọ inú kámẹ́rà lè yọ bí àmì dúdú. Ó béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Ẹgbàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 200,000, ni Nikon fi dán an wò. Èyí ti jẹ tó ìdajì rẹ̀ tán. Ó fi kámẹ́rà lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó dúpẹ́, a jáde.

Owó náà kì í ṣe kékeré. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, ohun tó bá ti gba orí òkun wá ti wọ́n. Kámẹ́rà nìkan kọ́, fáìlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì: káàdì tuntun, háàdì dísìkì, kọ̀ǹpútà tó lè gbé e, àti epo jẹnẹrétọ̀ fún gbogbo wákàtí tí kọ̀ǹpútà yẹn yóò fi máa so àwọn àwòrán pọ̀.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán wa, J.D. 'Okhai Ojeikere. Lọ́dún 1950 ló ra kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fíláàṣì. Láti 1963 dé 1975, ó ń ya àwòrán ìpolówó ọjà fún West Africa Publicity ní Èkó, iṣẹ́ kan náà tí Àǹtí ń ṣe lónìí. Lọ́dún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa, ó sì yà á tó ẹgbẹ̀rún kan. Dúdú àti funfun ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn orí ló kọ sí wa, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè fa ojú kúrò. Ìlà irun, òwú tí wọ́n fi dì í, awọ orí tó yọ láàárín ìlà méjì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Fíìmù ló fi ṣe é. Àwọn àwòrán yẹn dé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice Biennale lọ́dún 2013, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè iye pixel.

Àǹtí ò ra D850. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ aṣọ bá dé, ó ń háyà rẹ̀ ní Ìkejà, ó ń ka owó háyà mọ́ owó iṣẹ́, ó sì ń dá a padà lọ́jọ́ kejì. Owó tó ti kó jọ, fíláàṣì kẹta ló fi rà, àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo tó láti dúró gbọin nígbà tí tírélà bá ń kọjá. Lójú tèmi, ó ṣe é re. Bí iṣẹ́ aṣọ bá wá pọ̀ débi tí owó háyà ọdún kan tó ra kámẹ́rà, kó rà á nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ìpolówó ọjà ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkejà, Ọgbà àti Agége, mo bẹ̀ yín: ẹ yéé fi iye megapixel yan ayàwòrán. Ẹ sọ ibi tí àwòrán yóò wà fún un, àti bí ẹni tó ń wò ó yóò ṣe jìnnà sí i tó. Ẹ ní kó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ kan jáde ní ìwọ̀n yẹn gan-an, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, kí ẹ lọ dúró síbi tí oníbàárà yín yóò dúró sí. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún un ní odidi ọjọ́ kan láti to iná rẹ̀, kí ẹ sì sanwó ọjọ́ náà fún un.