Ìkànnì Yunifásítì Tí Àkàndá Ẹ̀dá Lè Lò
Kíkọ́ ìkànnì yunifásítì tí àkàndá ẹ̀dá lè lò gba làákàyè. Ti Yunifásítì King Abdulaziz ní Jẹ́dà àti Umm Al-Qura ní Mẹ́kà tún le sí i, torí èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò. Lárúbáwá ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, àmọ́ nọ́ńbà inú rẹ̀ ń ti òsì bọ̀. Àrà gidi ni! Bí wọn kò bá sàmì sí èdè gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó ń kàwé sétí afọ́jú lè fi ohùn Lárúbáwá pe Gẹ̀ẹ́sì. WCAG 2.0, ìlànà fún ìkànnì tí àkàndá ẹ̀dá lè lò, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, gbé jáde ní 2008, béèrè àmì yìí, àlàyé fún àwòrán, àti kí kíbọọ̀dù nìkan tó láti fi ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì.