DÍDÁN NÌKAN KỌ́ NI IṢẸ́

Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ ọwọ́ kan mu tí àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ràn: mọ́tò kéékèèké tí wọ́n ń fi rọ́bà líle tò pọ̀, tí wọ́n ń kùn lọ́dà, tí wọ́n sì ń mú dán títí ènìyàn yóò fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síwájú wa, èyí tó bá dán jù la máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí dídán ti ń wá. Ojú tó tẹ́jú ló ń dán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí ojú tó rí págunpàgun, ńṣe ló ń fọ́nká. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ dénú, tí yóò wá fi sáńpépà tó kúnná, tí ó rẹ sínú omi, ra á jẹ́jẹ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà bíi 2000, yóò kọjá sí 4000, títí dé 8000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó fi kọ́ńpáùn àti aṣọ rírọ̀ parí rẹ̀. Àwọn tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò ní ọgbà mẹkáníìkì mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Àwọn kan ti wá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á kàn da ọ̀dà aláìláwọ̀ lé e lórí ní ìpele-ìpele. Yóò dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo etí ilẹ̀kùn, ìlà rẹ̀ ti dí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀n kan tó wọ́pọ̀ fún irú mọ́tò yìí ni 1/24. Bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá nípọn tó mìlímítà 0.1, ó dà bí ìgbà tí ọ̀dà mọ́tò gidi bá nípọn tó mìlímítà 2.4. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi ń kun mọ́tò gidi kì í sábà tó mìlímítà 0.2. Ẹ̀wù náà ti tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo nǹkan kọ́ ló yẹ kó dán. Ọkọ̀ òfurufú Spitfire tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jagun ní 1940, ọ̀dà tí kò dán ni wọ́n kùn ún, kí ọ̀tá má baà tètè rí i. Ẹni tó bá mú àwòṣe rẹ̀ dán bíi díńgí ti purọ́ mọ́ ọn. Ti Nigeria Airways, tó kógbá sílé ní 2003, yàtọ̀. Ọkọ̀ èrò ni, dídán sì yẹ àwòṣe rẹ̀.

Nílé tiwa, Justus Akeredolu ọmọ Ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ àwòrán kéékèèké ní àwọn ọdún 1930. Àwọ̀ ẹ̀gún fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà gbára lé, kò nílò ọ̀dà. Síbẹ̀, bí ẹni tó ń gúnyán bá wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí a bá yàn ṣe adájọ́, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ìlà ṣì hàn, bóyá igun kò ṣí, àti bóyá dídán náà bá ohun tó ń ṣojú fún mu. Bí a bá ń fi ẹ̀bùn fún dídán nìkan, ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ra ọ̀dà yóò rí i pé ẹni tó da tirẹ̀ ní ọjọ́ kan ló borí. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà yóò dà á. Àwa la ó sì ti kọ́ ọ.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ wa mọṣẹ́. Ire o.