Ta Ló Ní Kó Tọrọ Àforíjì Nílé Ọ̀fọ̀?

Ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń sọ òkò sílé onílé.

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, mo túmọ̀ ewì kan láti èdè Sípéènì. Irọ́ ni o! Gẹ̀ẹ́sì tí ẹlòmíràn ti túmọ̀ ọ sí ni mo tẹ̀ lé. Ọkùnrin kan wọ ilé ọ̀fọ̀ nínú ewì náà, ó kọjú sí opó, ó sọ gbólóhùn kan péré. Gẹ̀ẹ́sì ní "I am sorry". Èmi náà bá kọ ọ́ pé: "Mo tọrọ àforíjì." Ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní, "Ṣé òun ló pa ọkọ obìnrin náà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àṣé mo ti sọ ẹni tó wá báni kẹ́dùn di apànìyàn.

Ohun tí ọkùnrin náà sọ lédè tirẹ̀ ni "lo siento". Tí a bá tú u wò ní tààrà, "mo mọ̀ ọ́n lára" ni. Látinú ọ̀rọ̀ ìṣe Látìn kan, "sentire", ni "siento" ti wá. Lẹ́nu àwọn ará Róòmù àtijọ́, "sentire" ni kéèyàn fi ara tàbí ọkàn mọ nǹkan, ó sì tún lè jẹ́ kéèyàn ní èrò kan. Nígbà tí Látìn wá pín sí oríṣiríṣi èdè, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ogún yìí bí ọmọ olórogún ṣe ń pín ilé bàbá wọn. Sípéènì mú ọkàn. Faransé mú ọkàn pẹ̀lú imú: tí wọ́n bá ní "ça sent bon", nǹkan kan ló ń ta sánsán níbẹ̀. Ní ti etí, "entendre" ni wọ́n gbé e fún. Àwọn ará Barcelona tí ẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù wọn, tó ń sọ èdè Kàtálánì, etí ni wọ́n sábà máa ń fi "sentir" ṣe ní tiwọn. Ìtálì ló kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra. "Sento una voce": mo gbọ́ ohùn kan. "Sento un odore": mo gbọ́ òórùn kan. "Sento freddo": òtútù ń mú mi. Tí ará Ìtálì bá sì fẹ́ kó o fetí sílẹ̀, "Senti!" ló máa sọ, bí ìyá mi ṣe máa ń sọ pé "Gbọ́ ná!"

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Òun kì í ṣe ọmọ Látìn. Ọ̀pọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ Faransé ló ti yá wọn, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn Norman ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Ó wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí yàrá ọ̀tọ̀. "Scent" di òórùn. Lẹ́tà "c" tó wà níbẹ̀, wọ́n kàn há a mọ́ ọn ni. "Sentence" di gbólóhùn, ó tún di ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n. "Resent" di kùnrùngbùn, bẹ́ẹ̀ "ressentir" ti Faransé kàn ń sọ ohun tó wọni lára ni.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe fún akéwì. Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè sọ létí òkun ní Ìtálì: "Sento il mare." Ṣé ìró òkun ni, àbí òórùn rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ní láti mú ọ̀kan, kó ju ìyókù nù. Àwa tí a ń gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, èyí tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ là ń gbà.

Ẹnì kan sọ nípàdé wa pé Yorùbá ò lọ́rọ̀ tó láti fi túmọ̀ ewì òyìnbó. Haba! Ṣé Yorùbá tó ní "gbọ́"? À ń gbọ́ ìró, à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè. Àwọn àgbà ní àìgbọ́fá là ń wòkè, ifá kan ò sí ní párá. Kì í ṣe etí ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀, òye ni. "Mo ń gbọ́ òkun, ìró rẹ̀, òórùn rẹ̀": ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ò lè ṣe é.

Mi ò sọ pé "gbọ́" ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ o. Kò gba òtútù. Lọ́dọ̀ tiwa, òtútù ló ń múni, ebi ló ń pani, àánú ló ń ṣeni. Ohun tó ń ṣeni ni olùwà, èèyàn ni àbọ̀. Torí náà, ẹni tó bá ń túmọ̀ "sento freddo" ní láti yí gbólóhùn náà po. Ṣùgbọ́n kí ni à ń kà nínú ìwé wa? "Mo ní ìmọ̀lára òtútù." Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé wọn? Gẹ̀ẹ́sì tó wọ bùbá ni. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí.

Àwọn Yorùbá Kétu àti Sàkété ní Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Wọn kì í yà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Àwa náà lè gbìyànjú. Díṣọ́nárì wà ní láíbìrì, àwọn tó ń kọ́ Faransé wà ní họ́ọ̀sì wa. Ẹ wá ojúlówó ewì náà kàn, kódà bí ẹ ò bá gbọ́ èdè ọ̀hún tán. Ẹ yé bi ara yín pé kí ni "feel" lédè Yorùbá. Ẹ bi í pé: níbo lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́, ṣé etí ni, imú ni, àbí ọkàn?

Ní ti àlejò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò pa "Mo tọrọ àforíjì" rẹ́ nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí." Ọkùnrin yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo túmọ̀ rẹ̀ ló jẹ̀bi, èmi ló sì yẹ kó tọrọ àforíjì.