Ta Ni Ó Yẹ Àjà Wò? Ọ̀rọ̀ lórí Eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí a sì tẹ̀ jáde ní 1970, kò ní bá mi jiyàn pé ìwé náà dùn. N kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu èdè rẹ̀. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo bá a ní: wọ́n pa ènìyàn ní Ìbàdàn ní 1874, òǹkọ̀wé wa sì gbé ọ̀ràn náà pamọ́ fún wa.

Ìjió ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi. Bàbá àgbà kan wà ní agbo ilé wa, ọdẹ ni wọ́n. Nígbà ìsinmi, mo ń ka eré náà fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pòṣé. Nígbà tí a dé ibi tí Ìyálóde ti gbé májèlé jẹ, mo ní, "Bàbá, inú eré ni ó ti pa ara rẹ̀ o. Nínú ìtàn, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì ni wọ́n gba orí àjà wọlé tọ̀ ọ́, tí wọ́n pa á lójú oorun." Bàbá gbé ìkòkò tábà sílẹ̀. "Orí àjà kẹ̀? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ta ni ó gun òkè lọ wo àjà náà?"

N kò rí èsì fọ̀.

Ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ ní 1921, ni mo gbé lé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán kí ó tó di Ìyálóde Ìbàdàn. Ó ní oko, ó ní ẹrú, ó sì ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Ààrẹ Látòósà fi ẹ̀sùn kàn án pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò jáde wá kí òun kú àbọ̀ lẹ́yìn odi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1874 ni wọ́n yọ ọ́ lóyè. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, wọ́n pa á. Kúmúyìlò, tí ó fi ṣe ọmọ, ni a gbọ́ pé ó bẹ àwọn ẹrú náà níṣẹ́. Ọwọ́ Ààrẹ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa.

Ẹ jẹ́ kí a wo àjà yìí dáadáa. Àjèjì kì í rìn lórí àjà onílé nínú òkùnkùn kí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí iyàrá tí ó ń wá gan-an. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ mọ ilé. Amọ̀ yóò ti ya lulẹ̀, eruku yóò ti gba àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé wọ́n kó ẹrù? Bí wọn kò bá kó ẹrù, kí ni wọ́n wá ṣe? Ta ni ó jẹ ìyá yìí ní gbèsè ìbọn? Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé kò tíì lajú nígbà náà. Ní 1880 ni Henry Faulds ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé sí àwọn onímọ̀ pé ìka lè tọ́ka ọ̀daràn. 1901 ni àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1874, ojú àti làákàyè ni Ìbàdàn ní, òun náà ni Lọ́ńdọ̀nù ní.

Ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan, Umberto Eco, kọ irú ìwé tí mò ń wí ní 1980, ó pè é ní The Name of the Rose. Ọdún 1327 ni ìtàn náà wáyé, nínú ilé àwọn mọ́ńkì. William, tí ó ń ṣe ìwádìí, amòye ni. Bí ènìyàn ṣe ń mọ ohun tí ó mọ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó wo ẹsẹ̀ ẹṣin lórí yìnyín, ó sì sọ ibi tí ẹṣin tí òun kò rí rí gbà. Ó wo ìka àti ahọ́n òkú tí ó dúdú. Nígbà tí mo ka ibi ẹṣin yẹn, bàbá ọdẹ ni mo rántí, àwọn tí wọ́n máa ń wo koríko tí ó tẹ̀ ní ọ̀dàn, tí wọ́n á sọ bóyá kí ìrì tó sẹ̀ ni ẹran kọjá tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó wù mí jù ni pé William rí apànìyàn náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ètò tí ó rò pé òun ń tọ̀ kò sí rárá. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ kí babaláwo kan dáfá kí orúkọ apànìyàn jáde lẹ́ẹ̀kan náà ti ba eré jẹ́. Ṣùgbọ́n babaláwo tí ó ń béèrè, tí ó ń gbọ́, tí ó sì mọ̀ pé òun lè ṣì í gbọ́, ẹgbẹ́ William ni.

Òkédìjí ti sọ fún wa láti 1969 pé àjà ló lẹrù. Ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni Lápàdé tirẹ̀. A kò tíì fún àwọn tí ó ṣáájú ọlọ́pàá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí Ìṣọ̀lá ń lé. Ìṣubú òǹrorò ni. Ẹni tí ó bá rí i bí wọ́n ṣe pa Adétutù nítorí oyún kò ní ṣàánú Ìyálóde mọ́, májèlé náà sì bá ìgbéraga rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ọwọ́ Látòósà mọ́. Olùdáǹdè ni ó dà lójú wa. Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ pàdé tí wọ́n búra fún mi pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ẹfúnṣetán kú.

Ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá tún bi mí pé níwájú ta ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹrú méjèèjì yẹn. Mo ní Látòósà ni olórí Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n wo ojú mi títí, wọ́n ní kí n bá àwọn wá iná sí ìkòkò tábà.