Igbá Dongo

Ẹni tó bá mọ Ṣàngó kò ní pẹ́ dá Dongo mọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Zarma àti Songhay ilẹ̀ Niger, òun ló ni àrá, òun ló ń sọ àáké láti òkè, òkúta tí wọ́n bá sì ṣà níbi tí àrá ti sán, tirẹ̀ ni. Harakoy Dikko, tó ni odò, ni ìyá rẹ̀. Odò kan náà ni àwa ń pè ní Odò Ọya: lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá alárá ni, lọ́dọ̀ tiwa, aya Ṣàngó. Àwọn ẹlẹ́sìn vodun ní Benin náà ní Hevioso, tòun ti àáké rẹ̀.

Yantala, ní Niamey, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe yenendi, ètùtù tí wọ́n fi ń tọrọ òjò lọ́wọ́ Dongo bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin. Jean Rouch, ará Faransé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya fíìmù ní Niger, ya ti Yantala lọ́dún 1969. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nílùú náà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó di irúgbìn mọ́wọ́ tó ń wojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Mùsíọ́mù Boubou Hama, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 1959 láàárín Niamey, wù mí. Wọ́n fi àwòrán ilé Haúsá kọ́ àwọn ilé inú rẹ̀, àwọn oníṣọ̀nà sì ń ṣiṣẹ́ irin àti awọ lójú ẹni. Àmọ́ ohun èlò orin tí wọ́n fi ń pe Dongo níbi yenendi kì í ṣe ohun tí à ń kó sẹ́yìn gíláàsì ká sì sinmi. Gòjé, ọ̀kan lára wọn, lè gbà á: igbá tí a fi awọ awọ́nrínwọ́n bò, okùn kan ṣoṣo tí a fi irun ẹṣin ṣe. Ẹni tó ti gbọ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí mọ̀ ọ́n. Ìlù igbá ló ṣòro. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á da igbá ńlá dojú dé e, wọ́n á wá máa fi ọ̀pá tín-ín-rín tí a dì pọ̀ bí ìka ọwọ́ lù ú. Kòtò yẹn ló ń mú ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Ẹ gbé igbá náà sórí tábìlì, ẹ ti fi ìdajì ìlù sílẹ̀ ní Yantala.

Bí wọ́n bá bi mí, kòtò kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sí àgbàlá mùsíọ́mù náà, kí onílù máa wá jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ lé ní hẹ́kítà 20; ilẹ̀ kò wọ́n wọn.